Mahama Lẹ́ẹ̀kejì: Wúrà, Gbèsè àti Ọdún Mẹ́rin Tí Kò Ní Àfikún

Òǹkàwé wa kan kọ̀wé láti Accra, ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, Abossey Okai ni mo ti ń ta sípéà pátì, ó ti tó ọdún mọ́kànlá báyìí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, Mahama ló wà níbẹ̀, òkùnkùn la sì wà. Wọ́n dìbò lé e, ó tún padà wá. Ní báyìí owó sídì ti lágbára, àwọn èèyàn wá ń yìn ín bí ẹni tí kò ṣẹ̀ rí. Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yìí ni lóòótọ́? Ṣé yóò sì pẹ́? Kí ló kù tó lè ṣe, kí ló sì lè bà á jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́?"

Àbúrò mi, o ṣeun tí o kọ̀wé. Èyí tó rọrùn jù nínú ìbéèrè rẹ ni màá kọ́kọ́ dáhùn. Díẹ̀ nínú àtúnṣe náà, ọwọ́ John Mahama, ààrẹ Gánà, ló ti wá. Òmíràn, ọ̀dọ̀ IMF ló ti wá, àwọn tí ìjọba tó ṣáájú rẹ̀ ti lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ kó tó gorí àlééfà. Èyí tó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀, iye tí wọ́n ń ra wúrà lọ́jà àgbáyé ló fà á. Bí o bá ti lè ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, ìdáhùn sí ìyókù ìbéèrè rẹ kò ní pẹ́ hàn sí ọ.

O mẹ́nu ba òkùnkùn. Èmi náà bá a níbẹ̀. Ní 2015, mo gbé oṣù mẹ́ta ní Accra nínú ilé kan tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn fíríìjì: wákàtí 24 láìsí iná, wákàtí 12 pẹ̀lú iná. Fíríìjì ọ̀hún fúnra rẹ̀ ti di kọ́bọ́ọ̀dù, ṣúgà àti gààrí ni wọ́n ń kó sí i. Obìnrin aránṣọ kan wà ní iwájú ilé tó máa ń sùn láti ìrọ̀lẹ́. Bí iná bá dé ní aago méjì òru, wàá gbọ́ ẹ̀rọ rẹ̀, kò sì ní dákẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Dumsor ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ Akan ni, bí ẹni ń sọ pé "pa á, tàn án". Orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ Mahama lára bí àmọ̀. Ní oṣù kejìlá 2016, Nana Akufo-Addo fi nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún ìbò lé e síwájú. Ó tún gbé àpótí ní 2020, ó tún fìdí rẹmi.

Kí a sọ òdodo, kó tó lọ, ó ti wá iná díẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ amúnáwá tuntun ti ń ṣiṣẹ́, òkùnkùn sì ti ń dín kù. Àmọ́ ìkánjú ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú àdéhùn ìgbà náà: iná tí Gánà lò, yóò sanwó rẹ̀, èyí tí kò lò pàápàá, yóò sanwó rẹ̀. Gbèsè tó ti ibẹ̀ jáde kò tíì tán. Ní oṣù keje 2025, ìjọba Mahama kan náà ló fi sídì kan lé lítà epo kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè rí owó fi san gbèsè iná. Ìwọ tó ń wakọ̀ ní Accra ń san án lójoojúmọ́. Mo rò pé kò sí ààrẹ mìíràn ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tí owó ohun tó ṣe ní sáà àkọ́kọ́ ń bá a wọ sáà kejì báyìí.

Kí ló wá mú àwọn ará Gánà padà sọ́dọ̀ rẹ̀? Ìyà ni, kì í ṣe ìfẹ́. Ní oṣù kejìlá 2022, orílẹ̀-èdè náà sọ fún àwọn olówó òkèèrè pé òun kò lè san gbèsè mọ́. Oṣù yẹn gan-an, ọ̀wọ́ngógó ọjà gun ìdá 54.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó yá ìjọba lówó nínú ilé, wọ́n ní kí wọ́n dá ìwé gbèsè ọwọ́ wọn padà, kí wọ́n gba tuntun tí èlé rẹ̀ kéré, tí ọjọ́ sísan rẹ̀ sì jìnnà. Ní oṣù kejì 2023, àwọn arúgbó tó ti fẹ̀yìn tì gbé pátákó dé ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ ètò ìnáwó. Sophia Akuffo, tó ti jẹ adájọ́ àgbà Gánà rí, wà láàárín wọn. Nígbà tí adájọ́ àgbà bá ń dúró nínú oòrùn láti bèèrè owó tó fi pamọ́, ta ni yóò tún dìbò fún ìjọba yẹn? Ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá 2024, Mahama gba ìdá 56 àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Mahamudu Bawumia, igbákejì ààrẹ ìgbà náà tó bá a du ipò, ti pè é kí i kú oríire kí àjọ elétò ìdìbò tó kéde èsì rárá. Èyí wú mi lórí, kí n má purọ́. Àwa níhìn-ín kò mọ irú rẹ̀ dáadáa.

Fi ìwé gbèsè tuntun yẹn sọ́kàn. Màá padà sí i.

Ó wá ku sídì tó ń yà ọ́ lẹ́nu. Nígbà tí Mahama búra ní ọjọ́ 7 oṣù kìíní 2025, ó lé ní sídì 14 kí o tó rí dọ́là kan. Kí oṣù karùn-ún tó parí, ó ti sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bí 10 àti díẹ̀. Ọ̀wọ́ngógó tó wà ní 23.8 nígbà tí ọdún 2024 parí ti bọ́ sábẹ́ 10 ní oṣù kẹsàn-án 2025, èyí tí wọn kò rí láti 2021. Cassiel Ato Forson, mínísítà ètò ìnáwó, di owó ìlú mú. Wọn kò ná ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tán. Báńkì àpapọ̀ náà kò tètè dín èlé kù. Iṣẹ́ wọn nìyẹn, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn wọn. Áúnsì wúrà kan tí wọ́n ń rà ní nǹkan bí dọ́là 2,600 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn ti kọjá 4,000 nígbà tó fi di oṣù kẹwàá. Gánà ló ń wa wúrà jù ní Áfíríkà. Bí ohun tí o ń tà bá gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù mẹ́wàá, ọwọ́ rẹ á tù, bí o tilẹ̀ ń sùn.

Ìjọba yìí kò kúkú sùn. Wọ́n dá GoldBod sílẹ̀, àjọ ìjọba tó ń ra wúrà, òfin rẹ̀ ni Mahama buwọ́ lù ní oṣù kẹrin 2025. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá wa wúrà ní ìgbèríko lè tà á fún àjòjì tó gbé báàgì owó wá, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á sì gba ọ̀nà ẹ̀bùrú jáde, dọ́là rẹ̀ kò sì ní dé Gánà láé. Òfin tuntun lé àwọn àjòjì kúrò nídìí ríra wúrà àwọn awakùsà kéékèèké láti ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún. GoldBod nìkan ló lè rà á kó sì tà á sókè òkun. Sídì ni wọ́n fi ń ra á nílé, dọ́là ló ń wọlé fún báńkì àpapọ̀. Dọ́là yìí ni báńkì náà ń fi gbé sídì ró.

Ọgbọ́n wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Láti fa wúrà kúrò lọ́wọ́ àwọn onífàyàwọ́, o gbọ́dọ̀ ra á ní iye tó sún mọ́ ti àgbáyé. Àwọn agbedeméjì á gba tiwọn. Àwọn tó ń rà á lókè òkun á ní kí o dín owó kù. Nígbà tí 2025 ń lọ sópin, IMF kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ pé àdánù tó ti ara ètò ríra wúrà náà wá ti tó mílíọ̀nù 214 dọ́là láàárín oṣù mẹ́sàn-án. GoldBod ní àdánù yẹn kì í ṣe tòun. Tèmi ni pé kì í ṣe ẹ̀sùn olè. Owó tí wọ́n ń san kí sídì lè dúró ni, bí ẹni ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí a bi wọ́n ni pé bí wúrà bá já sílẹ̀, ta ni yóò máa ra epo yẹn?

Ibi tó wá ta kókó jù lọ nìyí, mo sì bẹ̀ ọ́ kí o ní sùúrù fún mi.

Ọ̀pọ̀ nínú wúrà tó gbé sídì dìde, inú ihò galamsey, ìyẹn wíwa wúrà láìgba àṣẹ, ló ti jáde. O ti gbọ́ nípa galamsey, o lè má tíì rí i. Wọ́n á gbé katakata sí etí odò, wọ́n á hú ilẹ̀ kòkó lulẹ̀, wọ́n á fi omi fọ iyẹ̀pẹ̀, wọ́n á da mẹ́kúrì sí i kó lè kó wúrà jọ, ẹrẹ̀ tó kù á sì ṣàn padà sínú odò. Odò Pra, Offin, Ankobra ti pọ́n bí tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Iléeṣẹ́ omi ní ibùdó kan létí odò Pra, ní Sekyere Hemang, tó ń fún Cape Coast lómi. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ ibẹ̀ fún omi tí ìdọ̀tí rẹ̀ kò ju 2,000 lọ lórí òdiwọ̀n NTU tí wọ́n fi ń wọn ẹrẹ̀ inú omi. Ní oṣù kẹjọ 2024, wọ́n kéde pé ó ti di nǹkan bí 14,000. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún omi wá di ẹ̀rọ tó ń mu ẹrẹ̀.

Akufo-Addo ní 2017 sọ pé òun múra tán láti fi ipò òun wewu lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó lo ọdún mẹ́jọ, ó lọ, odò kò mọ́. Mahama náà ti gbìyànjú díẹ̀: ó dá ikọ̀ NAIMOS sílẹ̀ láti máa lé àwọn tó ń ṣe galamsey, wọ́n sì fagi lé L.I. 2462, ìlànà 2022 tó fàyè gba wíwa kùsà nínú igbó ọba, ní oṣù kejìlá 2025. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún yẹn, hẹlikópítà ológun kan gbéra láti Accra lọ sí Obuasi nítorí ètò kan lórí ọ̀rọ̀ kùsà yìí gan-an. Ó já. Èèyàn mẹ́jọ ló kú, lára wọn ni mínísítà ààbò, Edward Omane Boamah, àti mínísítà àyíká, Ibrahim Murtala Muhammed. Èèyàn á rò pé lẹ́yìn irú òfò bẹ́ẹ̀, ìjọba á ya wèrè lé galamsey lórí. Àwọn èèyàn ní kó kéde ipò pàjáwìrì ní àwọn àgbègbè náà, kò kéde rẹ̀.

Kí ló fà á? Ìṣirò ni. Àwọn tó ń wa kùsà náà ní ìdílé, wọ́n ní ìbò, ọ̀pọ̀ àgbààgbà inú ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì sì ní ọwọ́ níbẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí o bá ti ihò náà pa lónìí, o ti gbẹ́sẹ̀ lé dọ́là tó ń gbé sídì ró lọ́la. GoldBod sọ pé wúrà tó ní ìwé nìkan lòun ń rà. Ó dára. Àmọ́ bí wọ́n bá ti yọ́ wúrà tán, kò ní ojú, kò ní ilà, kò sẹ́ni tó lè mọ odò tó ti wá. Títí wọn yóò fi rí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà tọpa wúrà dé ihò tó ti jáde, ohun tí Mahama ṣe dáadáa jù àti ohun tó ń kùnà nínú rẹ̀ jù, ara igi kan náà ni wọ́n wà. Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá sáà yìí yóò yanjú, odò Pra ni màá máa wò. Ohun tí ààrẹ ń sọ kò kàn mí tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìyókù, kí n yára gba ibẹ̀ kọjá. Owó orí tí wọ́n ń yọ lórí owó tí èèyàn bá fi fóònù ránṣẹ́, E-levy, wọ́n ti fagi lé e, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó wà lórí owó tí èèyàn bá jẹ nínú tẹ́tẹ́. Ó ṣèlérí pé mínísítà òun kò ní ju 60 lọ, ó sì mú un ṣẹ. Owó ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í san án. Ètò ọrọ̀ ajé wákàtí 24 tó fi pariwo jù nígbà ìpolongo, wọ́n ṣí i ní oṣù keje 2025. Mi ò tíì rí ilé iṣẹ́ púpọ̀ tó fi òru ṣiṣẹ́ torí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lóru gbọ́dọ̀ ní iná tí owó rẹ̀ kò wọ́n àti ẹni tí yóò ra ọjà náà, ìkéde kò lè pèsè ìkankan nínú méjèèjì.

Ti kòkó tún yàtọ̀. Ní òpin 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá dọ́là 12,000 lọ́jà àgbáyé. Láàárín ọdún kan, iye náà ti já ju ìdajì lọ. Nígbà tó ń lọ sókè, àgbẹ̀ Gánà kò jẹ ẹ́ tán, torí ìjọba ló ń dá iye tí wọ́n ń gbà. Nígbà tó bá já, ta ni yóò fara gbá a? Bí dọ́là ṣe ń dínwó sí sídì tún ń bu sí ohun tí àgbẹ̀ ń mú lọ sílé. Sídì tó lágbára kì í ṣe ìròyìn ayọ̀ fún gbogbo èèyàn, àwọn tó ń gbin ohun tí wọ́n ń kó sókè òkun mọ èyí. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n lọ́nà tìrẹ: sípéà tí o kó wọlé nígbà tí dọ́là jẹ́ sídì 15, oníbàárà rẹ ń fẹ́ kí o tà á ní iye 10.

Ní ti agbára òṣèlú, kò sí ohun tó ń dí i lọ́wọ́. Akufo-Addo lo sáà kejì tirẹ̀ nínú ilé aṣòfin tí ẹgbẹ́ méjèèjì ní 137, 137. Wọ́n tilẹ̀ ja ìjàkadì nínú ilé náà lórí E-levy ní òpin 2021. NDC ti Mahama ní ìdá méjì nínú mẹ́ta nínú ìjókòó 276. Ohunkóhun tó bá gbé wá, wọ́n á bu òǹtẹ̀ lù ú. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Wọ́n ní kí Gertrude Torkornoo, adájọ́ àgbà, lọ rọ́kún nílé ní oṣù kẹrin 2025, wọ́n sì yọ ọ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n tẹ̀lé ìlà 146 nínú ìwé òfin, mi ò lè sọ pé wọn kò tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n òfin tí ẹgbẹ́ kan fi yọ adájọ́ àgbà lónìí, ẹgbẹ́ kejì ti rí bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ìjọba mìíràn ń bọ̀ lọ́jọ́ kan.

Ìlà 66 nínú ìwé òfin 1992 kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ju sáà méjì lọ. Wọ́n dìbò yàn án ní 2012, wọ́n dìbò yàn án ní 2024, ó parí. Òun náà ti sọ lọ́pọ̀ ìgbà pé òun kò wá ìkẹta, mo sì gbà á gbọ́. Àwọn kan á sọ pé ẹni tí kò tún ní bẹ̀bẹ̀ fún ìbò lè ṣe ohun tó le. Òótọ́ ni, fún nǹkan bí ọdún méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó fẹ́ jogún àga á ti máa pín ẹgbẹ́ mọ́wọ́, mínísítà kọ̀ọ̀kan á ti máa wo ibi tí oòrùn yóò ti là.

Ibẹ̀ ni ìwé gbèsè tuntun yẹn ti wọlé padà. Apá ńlá nínú owó ìwé tí wọ́n fún àwọn tó yá ìjọba lówó ní 2023, ọdún 2027 àti 2028 ni sísan rẹ̀ bọ́ sí. Ato Forson fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ nílé aṣòfin pé ọdún méjì yẹn ni òkè tó wà níwájú. Oṣù kejìlá 2028 ni ìdìbò. Ètò IMF, bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023, ní 2026 ló ń parí, ẹgba wọn kò sì ní sí nílẹ̀ mọ́ nígbà tí àwọn olùdíje á máa bèèrè owó títì àti owó mọ́tò. Wọ́n ti ṣòfin pé lọ́dọọdún, bí a bá yọ èlé gbèsè sẹ́gbẹ̀ẹ́, ohun tó ń wọlé gbọ́dọ̀ fi ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ ajé ju ohun tó ń jáde lọ. Òfin tó dára ni. Ní 2024 náà wọ́n ti ṣèlérí pé nǹkan á ṣẹ́kù bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìdìbò fi kọjá, àìtó bí ìdá 3.9 ni wọ́n bá nílẹ̀. Nítorí náà bí o bá bi mí bóyá sídì yìí yóò pẹ́, ìwé ìnáwó tí wọ́n máa kà ní oṣù kọkànlá 2027 ni kí o dúró dè. Bí owó iṣẹ́ bá fò sókè níbẹ̀ ju èyí tó ń wọlé lọ, má ṣe tọ́jú owó ọjà rẹ ní sídì.

Ọ̀kan ṣì kù tí o kò bèèrè, mo sì mọ̀ pé ó wà lọ́kàn rẹ. Ní oṣù keje 2025, àwọn kan rìn káàkiri ìgboro pé kí àwọn ará Nàìjíríà máa lọ. Mahama bá Abuja sọ̀rọ̀, ó fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀, nǹkan rọlẹ̀. Àmọ́ òfin GIPC, àjọ tó ń mójú tó ìdókòwò ní Gánà, tí wọ́n fi ń ti ṣọ́ọ̀bù yín pa ní Abossey Okai nígbà Akufo-Addo, Act 865 ti 2013, Mahama ló wà lórí àga nígbà tí wọ́n ṣe é. Òfin náà ní àjòjì kò gbọ́dọ̀ tajà nínú ọjà tàbí ní ìsọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣòwò ńlá gbọ́dọ̀ ní mílíọ̀nù dọ́là kan nílẹ̀, kó sì gba ọmọ Gánà 20 síṣẹ́. ECOWAS sọ tirẹ̀, òfin ilé sọ tirẹ̀, wọn kò tíì bá ara wọn mu. Nígbà tí ọjà bá ń tà, kò sẹ́ni tó ń ka òfin yẹn. Bí sídì bá tún ṣubú, iwájú ṣọ́ọ̀bù yín ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá. Rí i pé ìwé ìgbélùú rẹ àti ti iléeṣẹ́ rẹ pé, wá lọ́yà tó mọ Act 865 dáadáa, kí o ṣe é nísinsìnyí tí ara ṣì ń tu gbogbo wọn.